Irun Orí Imú Àǹtí Rábì

Àádọ́ta sídì ni wọ́n ń ta ẹ̀mú kékeré lọ́dún náà, ẹ̀mú onírin tín-ín-rín tí àwọn onígbàjámọ̀ fi ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ aráyé. Mo mọ iye rẹ̀ dáadáa nítorí pé mo nájà rẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́wọ́ Mállàm Gàmbó, Hausa tó ń fárí lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí wa ní Asawase, ní ìlú Kùmásì, kò sì dín ẹyọ sídì kan fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. N ò ní àádọ́ta sídì, n ò sì lẹ́ni tí mo lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní bi mí pé kí ni ọmọdé fẹ́ fi ẹ̀mú ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe náà rèé: mo fẹ́ máa fi tu irun lórí imú Àǹtí Rábì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àbí ẹ kúkú rẹ́rìn-ín, èmi náà rín tèmi nígbà náà, n ò sì tíì rín in tán títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí irun ṣe dé orí imú obìnrin, nítorí pé kì í ṣe bí Ọlọ́run ṣe dá Rábì nìyẹn.

Ilé onígun mẹ́rin ni ilé wa, yàrá mọ́kànlá tó yí àgbàlá kan ká, kànga láàárín, ewúrẹ́ níbi gbogbo. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló tọ́ mi níbẹ̀, torí iṣẹ́ gbé àwọn òbí mi lọ sí Tamale. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá Àgbà, wọ̀sìwọ́sì ló ń tà: abẹ́rẹ́, òwú, kọ́kọ́rọ́, kóòmù, dígí. Àǹtí Rábì ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti lọ sílé ọkọ kí n tó gbọ́n. Mùtíù lorúkọ ọkọ náà, ó ń kan àga ní ìkóríta Anloga. Nínú ilé wa, etí ni mo fi ń mọ aago. Tí ládàánì bá kígbe, ilẹ̀ ti mọ́. Tí Ìyá Àgbà bá ń gbọn àpótí dígí rẹ̀, ó fẹ́ gba ọjà lọ. Tí ọmọ odó Màámì Áfúá bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọ̀sán ti pọ́n nìyẹn. Màámì Áfúá ni obìnrin Asante tó háyà yàrá tó kọjú sí tiwa, kò sì sí ọjọ́ tí Ọlọ́run dá tí kì í gún fùfú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ọmọ odó náà dákẹ́ lójijì. Mo gbójú sókè, nítorí ìró yẹn kì í dákẹ́ kí fùfú tó kúnná. Takisí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, Àǹtí Rábì sì ń bọ̀ wọlé, báńdéèjì bo gbogbo àárín ojú rẹ̀, aṣọ tó wọ̀ jẹ́ ti ilé ìwòsàn. Kò gbé ẹrù kankan. Màámì Áfúá ju ọmọ odó sílẹ̀, ó ní, "Ei, Rabi! Due, due o," bí àwọn Asante ṣe ń kí ẹni tí ọ̀ràn bá. Ìyá Àgbà kó gbogbo dígí ọjà rẹ̀, ó dojú wọn dé ògiri, ó wá jókòó. Ohun tí wọ́n sọ fún àwa ọmọdé ni pé Àǹtí Rábì ṣubú lu ìgò.

Èmi ò gbà. Kì í ṣe pé mo gbọ́n o, ọ̀rọ̀ náà ni kò yé mi. Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ dán ìṣubú wò. Mo ṣubú síwájú, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Mo ká ọwọ́ sẹ́yìn, mo tún ṣubú, iwájú orí mi ló gbà á. Mo gbé orí sókè, àgbọ̀n ló gbà á. N ò rí bí ènìyàn ṣe ń ṣubú tí imú nìkan á lọ. Mo wá tọ Ìyá Àgbà lọ, mo ní, "Ìyá, báwo ni ìgò náà ṣe mọ imú?" Ó kó mi ní ìkó kan lórí. "Ohun tí ojú rẹ ń wá, ojú rẹ á rí i, Sàfú." Màámì Áfúá ló sọ òótọ́ fún mi bó ṣe ń ṣa fùfú jọ. Ó ní ìgò kò dá rìn. Ó ní Àǹtí mi lọ ta ọjà, ó pẹ́ kó tó dé, ọkọ rẹ̀ ní kí imú rẹ̀ má gbọ́ òórùn ìta mọ́. Bó ṣe wí nìyẹn, ó sì tún padà sídìí odó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan síbí kí ọ̀rọ̀ lè yé yín. Láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Kùmásì nígbà náà, bí ọkọ bá ṣẹ ìyàwó tó sì sá wálé, àwọn ẹbí ọkọ á gbé igbá goro wá bẹ̀bẹ̀. Ilé ìyàwó kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á gbé goro náà sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ti wọlé, ìyàwó á di ẹrù rẹ̀ padà sílé ọkọ. Bí wọn ò bá gbà, wọ́n á dá igbá padà ní pípé, kòkòrò ì báà ti dá gbogbo rẹ̀ lu. Àwọn ará Mùtíù ti gbé goro wá lẹ́ẹ̀mejì kí ọyẹ́ yẹn tó dé. Èyí àkọ́kọ́, eyín Àǹtí ló ká. Èyí kejì, apá ló yẹ̀. A jẹ ti àkọ́kọ́. A jẹ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Èmi gan-an jẹ nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, goro funfun ni, ó korò díẹ̀, nígbà tí mo mu omi lé e ó dùn. Mo ti di àgbà báyìí, mo ti ta ọjà yí Asawase àti Sawaba po, kò sóhun tí kò pa mí lẹ́rìn-ín, àfi omi tútù yẹn àti adùn goro náà. Imú Àǹtí Rábì la ń jẹ, a ò mọ̀ ni.

Dókítà tó ṣe imú rẹ̀, ọkùnrin Asante pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni. Ìyá Àgbà mú mi dání lọ bá a torí pé mo gbọ́ Twi, èdè àwọn Asante, ju òun lọ. Ó fa etí gèlè Ìyá Àgbà, ó ní ká wò ó. Ó ní òun á gé awọ iwájú orí rẹ̀ bí ẹni gé aṣọ, òun ò ní gé e já, òun á yí i po wá sísàlẹ̀, òun á fi lẹ ibi tó ya. Ìdí rẹ̀ á ṣì so mọ́ àárín ojú méjèèjì, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gbabẹ̀ wá bọ́ ọ. Bí ó bá ti mú níbi tuntun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun á wá gé ìdí náà. Ìyá Àgbà wo gèlè rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ dókítà, ó ní, "Bí a ṣe ń gbin ẹ̀ka kí á tó gé e lára ìyá rẹ̀." Mo túmọ̀ rẹ̀, dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó ní òun á tún mú eegun rírọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn etí rẹ̀ fi ṣe òpó. Ó wá ní iwájú orí Rábì kúrú, nítorí náà awọ tí òun máa gé lè wọ inú irun díẹ̀. A ò fiyè sí ìyẹn. Ta ni í fiyè sí irun nígbà tí kò sí imú? Láti ọjọ́ náà, n ò rí yẹtí wúrà Ìyá Àgbà létí rẹ̀ mọ́. Etí méjì ló fi ra imú kan.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò tíì rí ìran. Àǹtí Rábì padà wálé pẹ̀lú awọ kan tó rọ̀ láti àárín ojú rẹ̀ wá dé imú bí ọwọ́ kẹ́tùlù. Àwọn ọmọ ilé sá. Èmi ò sá, mo fẹ́ mọ̀. Mo jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́. Mo bi í bóyá ó ń yún un, ó ní bí òun bá fọwọ́ kan imú, iwájú orí ló ń dà bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ kàn. Èyí mú kí n ronú gidigidi. Lọ́jọ́ kejì, mo sún mọ́ imú náà, mo rọra sọ̀rọ̀ sí i.

"Kí lò ń ṣe, Sàfú?"

"Dókítà ní etí wà nínú rẹ̀. Mò ń wò ó bóyá ó ń gbọ́."

Ara rẹ̀ gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, ó ń dì í mọ́nú kí awọ má baà fà.

Òfin kan ṣoṣo ni dókítà fún un: kò gbọdọ̀ tẹ orí ba. Òfin kékeré ni lójú Asante, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ Yorùbá tó tún jẹ́ Mùsùlùmí. Bó bá kúnlẹ̀ kí àgbà, orí á lọ sílẹ̀. Bó bá ń kírun, iwájú orí àti imú ló ń kan ilẹ̀. Àǹtí Rábì ń kírun lórí àga, ó sì ń kí gbogbo àgbà lóròó bí òpó iná. Ariwo ta ládùúgbò. Wọ́n ní ọkọ gé imú rẹ̀, ìgbéraga ló hù dípò rẹ̀. Àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ni àwọn ará Mùtíù gbé igbá kẹta dé, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bàbá Ràímì ló ṣáájú wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá Mùtíù, ẹni tó máa ń fa agbádá sókè kó tó jókòó bí ẹni pé àga wa dọ̀tí.

"Rábì, a dé, o ò rí wa ni?"

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá." Ó dúró gbagidi.

"Lórí ìdúró lo ti ń kí wa?"

Ìyá Àgbà ní, "Dókítà ní kò gbọdọ̀ tẹ̀ ba."

"Ṣé dókítà ló bí i ni?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n òun ló bí imú rẹ̀."

Bàbá Ràímì họ ọrùn. Ó ní ilé ọkọ ni ilé ẹ̀kọ́, ó ní bínú bá ti bí ọkùnrin, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn fi wá. "Orí kọ́ ló wọ́," Ìyá Àgbà dá a lóhùn, "imú ni wọ́n gé." Àwọn ọkùnrin tó tẹ̀ lé e wolẹ̀. Síbẹ̀ Bàbá Ràímì gbé igbá náà síwájú wa, ogójì goro, ó kà wọ́n lójú gbogbo wa, ó ní bí imú bá ti jinná, lẹ́yìn Ìtúnu Àwẹ̀, àwọn á padà wá gbọ́ èsì.

Ìyá Àgbà kò jẹ nínú rẹ̀, kò sì dá a padà. Ó gbé igbá sí abẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́: ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n pààrọ̀ ewé gbòdògì tí a fi wé e, kí n ta omi sí i, kí n yí goro kọ̀ọ̀kan padà kó má baà rà. Gbogbo ìyàwó ilé Yorùbá tó wà ní Asawase ló wá gbà á nímọ̀ràn. Ẹni tó ní kó dá Rábì padà pọ̀ ju ẹni tó ní kó má dá a padà. Ẹnikẹ́ni ò bi Rábì fúnra rẹ̀. Èmi ló bá sọ ọ́, nígbà tí à ń ṣa ìrẹsì. "Sàfú," ó ní, "bí wọ́n bá dá mi padà, kò sí imú kejì níwájú orí mi mọ́. Awọ ti tán." Mo wo iwájú orí rẹ̀, níbi tí àpá gígùn gbà kọjá. Òótọ́ ni. Ó ti tán.

Wọ́n gé ìdí awọ náà, imú sì dúró. Ó tóbi díẹ̀, ó sì dúdú ju ojú tó kù lọ, ṣùgbọ́n imú ni. Màámì Áfúá ní, "Wo ho yɛ fɛ," ó ní ó rẹwà. Nínú àwẹ̀ la wà nígbà tí mo rí nǹkan dúdú kan lórí imú náà. Mo rò pé eruku ni. Mo fọwọ́ nù ún, kò lọ. Mo fà á, Àǹtí kígbe.

"Àǹtí, irun orí yín ti hù lórí imú yín."

Ó dìde, ó lọ yí ọ̀kan nínú àwọn dígí tó kọjú sógiri padà. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà ọyẹ́. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú kí ewúrẹ́ sá. Ó ní, "Ẹ ṣáà bá mi pe onídìrí." Dókítà ní kò sí nǹkan ẹ̀rù níbẹ̀, irun orí ni, ibi tó bá ara rẹ̀ ló ń hù sí. Ó ní kó máa tu ú, kó má fá a. Èékánná wa kò ràn án, ó ń já láàárín. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í nájà ẹ̀mú nìyẹn.

Mállàm Gàmbó fẹ́ràn goro ju oúnjẹ lọ, eyín rẹ̀ pupa bí osùn. Ó ní, "Bí o ò lówó, mú goro méjì ńlá wá lẹ́yìn ìṣínu." Mo ronú lórí rẹ̀ láti ilé dé ibi kànga. Ogójì ló wà lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló gba ẹ̀bẹ̀. Èmi ò ní jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ò ní jẹ ẹ́. Mo mọ ìṣirò nígbà náà, òfin ni n ò mọ̀. Mo mú méjì tó tóbi jù, mo gbé ẹ̀mú wálé. Láràárọ̀, Àǹtí á jókòó lórí àpótí, á gbé orí sẹ́yìn, èmi á dúró láàárín orúnkún rẹ̀, màá máa tu ú lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á máa sín. Ó bi mí ibi tí mo ti rí ẹ̀mú. Mo ní Mállàm Gàmbó ló fún mi. Irọ́ ha ni?

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé Ìtúnu Àwẹ̀, wọ́n dé. Mùtíù wà láàárín wọn lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó, ó ń wo sálúbàtà ara rẹ̀. Ìyá Àgbà wọlé, ó gbé igbá jáde, ó sì gbé e síwájú Bàbá Ràímì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti pinnu: ó dá a padà. Ibẹ̀ náà sì ni mo ti rántí goro méjì tí mo mú. Bàbá Ràímì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ń kà á bí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbàá. Ó dé ìparí, ó tún un kà. Ó wá gbé ojú sókè, inú rẹ̀ dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ìyá, ogójì dín méjì ni. Ẹ ti jẹ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ti wọlé. Rábì, lọ di ẹrù rẹ."

Àǹtí Rábì yíjú wo ìyá rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò mí bẹ́ẹ̀ láyé mi. Ìyá Àgbà fa igbá náà mọ́ra, ó ń kà á fúnra rẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi, ó ti ń jáde.

"Èmi ni mo mú un. N ò jẹ ẹ́. Ẹ̀mú ni mo fi gbà."

"Ẹ̀mú wo?"

"Tí mo fi ń tu imú Àǹtí."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Mállàm Gàmbó. Ó dé pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó fi orí oníbàárà kan sílẹ̀ ní fífá ìdajì. Wọ́n bi í léèrè. Ó wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo jẹ ẹ́," ó ní. "Goro gidi ni. Ṣé ó kù ni?"

Bàbá Ràímì na ọwọ́. "Ẹ ò gbọ́? Ó ti di jíjẹ!"

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ kúrò nínú igbá. Ó dìde. "Mo gbọ́," ó ní. "Àṣà ní ẹni tó bá jẹ goro ló gba ẹ̀bẹ̀. Mállàm Gàmbó ló jẹ ẹ́. Ẹ máa mú un lọ. Mùtíù, ìyàwó rẹ rèé, ó ń fárí, ó tún ń dábẹ́. Ṣùgbọ́n kó o tó na ìgò sí i, wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ o."

Gbogbo wa wo abẹ tó ń kọ mọ̀nà ní ọwọ́ Mállàm. Màámì Áfúá, tí ẹnìkan túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún, jókòó sílẹ̀ nídìí odó rẹ̀, ó ń fọwọ́ lu itan. Àwọn ọkùnrin tó tẹ̀ lé Bàbá Ràímì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbìyànjú láti sọ ọ́ di ikọ́. Bàbá Ràímì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwàdà kì í ṣe èsì, goro òun kò pé.

Àǹtí Rábì ló fún un lésì. Ó wá dúró níwájú rẹ̀, ó tú etí ìró rẹ̀, ó na owó goro méjì náà sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ gidi. Kò kúnlẹ̀.

"O tún dúró? Ṣebí imú ti jinná?"

"Ó ti jinná, Bàbá. Mi ò fẹ́ kó tún ya." Ó yíjú sí Mùtíù. "Wò mí." Mùtíù kò lè gbé ojú kúrò lára sálúbàtà rẹ̀. Àǹtí dúró dè é fún ìgbà tó tó kí ènìyàn ka Fàtíhà, lẹ́yìn náà ó padà wọlé, a sì gbọ́ ọ tó ń yí dígí padà lára ògiri, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ti di arúgbó báyìí. Àpótí wọ̀sìwọ́sì Ìyá Àgbà bọ́ sí i lọ́wọ́, ó fi kọ́lé. Kò fẹ́ ọkọ mọ́, kò sì tẹ orí ba fún ẹ̀dá kankan mọ́, bí kò ṣe fún Ọlọ́run lórí ẹní. Nígbà tí mo lọ kí i lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó gbé orí sẹ́yìn, mo sì mú ẹ̀mú jáde. Irun imú rẹ̀ ti funfun. Mo ní, "Àǹtí, imú yín ti hu ewú." Ó ní kí n tu ú, kí n dákẹ́ ẹnu.

Ẹ̀mú kan náà ni. Kò tíì dípẹtà. Àádọ́ta sídì ni iye rẹ̀ lọ́dún náà, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Goro ńlá sì jẹ́ ogún sídì ní ẹyọ kan, nítorí náà ogójì sídì péré ni Àǹtí Rábì kà sọ́wọ́ Bàbá Ràímì lọ́jọ́ tó ra ara rẹ̀ padà. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò. Òwò àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé nìyẹn, èrè tí mo sì jẹ níbẹ̀ ni sídì mẹ́wàá.